Rasheedat, Má Tíì Mú Wàsíù Wọ Ẹgbẹ́ Yín

Alápẹ̀rẹ̀, Kòsọ́fẹ́,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Rasheedat, ọmọ mi,

Ara mi le. Eyín kan ló ń dùn mí díẹ̀, ìyẹn kò sì tó ohun tí wọ́n ń kọ lẹ́tà lé lórí. Ọ̀rọ̀ tí o bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí ni mo fẹ́ dáhùn. Mo gé e kúrú, o sì rò pé inú ń bí mi. Inú kò bí mi. Ìyá rẹ ló jókòó tì mí tó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ti dáwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró kó lè gbọ́ ohun tí mo máa sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bí mo bá parí rẹ̀, n ó yà á sórí fóònù, n ó fi ránṣẹ́ sí ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún un sọ, kó lè dá mi lójú pé mo gbọ́ ọ yé. Wọ́n ti fi ọ́ ṣe jẹ́nẹ́rà mánéjà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí o wà ní Abẹ́òkúta. Mo ti kí ọ kú oríire tẹ́lẹ̀, mo tún kí ọ. Ìwọ lo máa yan àwọn tí wọ́n máa mú wọlé kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tí àdéhùn wọn ti parí níbi tí wọ́n wà, tí wọn kò sì tíì ní ẹgbẹ́ mìíràn. Àyè ẹnì kan ló kù, níwájú lápá òsì. Àbúrò rẹ Wàsíù náà kò ní ẹgbẹ́ báyìí, àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ní Àkúrẹ́ ti dá a sílẹ̀, apá òsì níwájú náà ló sì ń gbá. O wá bi mí pé, "Daddy, ṣé kí n mú un?"

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo máa wẹ̀yìn díẹ̀ kí n tó dá ọ lóhùn. Ní sùúrù fún mi.

O mọ̀ pé mò ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Kétu, mo sì ń ṣe mánéjà ẹgbẹ́ wa ní Ìkòsí nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Alága ló ń náwó, Kóòṣì Táyé ló ń kọ́ wọn, èmi ni mò ń wá agbábọ́ọ̀lù. Agbára wa kò ká a láti ra ènìyàn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, torí náà àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ là ń ṣà. Títí di òní, àwọn ará Ìkòsí máa ń sọ pé mo mọ ènìyàn yàn. Àwọn tó dára ni wọ́n rántí. Àwọn tó kù, èmi nìkan ló rántí wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nìyí: má ṣe mú ẹnì kan nítorí pé ó fìyà jẹ ọ́. Ẹgbẹ́ kan wá láti Gbàgádà wá bá wa gbá. Bọ̀ọ̀bọ́ kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Bídèmí. Ó sá kọjá lápá ọ̀tún wa bí ẹni ń sá fún òjò, ó gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n wa lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn alábàárù tó wá wòran láti ọjà Mile 12, tiwa ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá, Bídèmí ni wọ́n ń pariwo fún. Bí àdéhùn ọmọ náà ṣe parí báyìí, mo ti wà nílé wọn kí ẹlòmíràn tó débẹ̀.

Kóòṣì Táyé, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ló ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra o. Kì í ṣe pé bọ̀ọ̀bọ́ yẹn mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Táyé, ojú mi yìí ni mo fi rí i."

Ó ní, "Èmi náà fi ojú mi rí i, sà. Bàákì wa ni mò ń wò."

Mo mú Bídèmí. Ó dé, ó sì dúró síwájú lápá òsì, kò rí ẹni sá kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo Èkó tí Bídèmí lè sá kọjá ni bàákì wa, bàákì wa sì ti di ará ilé rẹ̀. Ihò tó gbà wọlé lọ́jọ́sí ṣì wà níbẹ̀ gbayawu, ibẹ̀ náà ni àwọn yòókù ń gbà wọlé. Nítorí náà, bí o bá rí ẹni tó ń ṣe bẹbẹ lórí pápá, wo ẹni tó dúró tì í kí o tó pàtẹ́wọ́.

Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ Bídèmí kì í ṣe mímú tí mo mú un. Gbogbo ẹni tó bá ń yan ènìyàn ló máa ń ṣì í yàn. Ohun tó burú ni pé mo ti bá Táyé jiyàn lórí rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó hàn pé òun ló gba ẹ̀yẹ. Bí Alága bá bi mí, n ó ní ara ọmọ náà kò tíì balẹ̀ ni. Odindi sáà kan, ara Bídèmí kò balẹ̀. Ọmọ wa kan tó mọ ibẹ̀ gbá jù ú lọ ń jókòó létí pápá, ó ń já koríko. Wọ́n máa sọ fún ọ pé agbábọ́ọ̀lù aláìlẹ́gbẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n àyè ẹlòmíràn la fi ń san owó rẹ̀. Bí o bá ṣìṣe, Rasheedat, tètè sọ pé o ṣìṣe. Àṣìṣe kì í tú ẹgbẹ́ ká, ìgbèjà rẹ̀ ló ń tú u ká.

Èkejì, mi ò fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Lọ́dọọdún, a máa ń pe àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ jọ sí pápá ilé-ìwé ní Ìkòsí kí a lè wò wọ́n. Lọ́dún kan, ó bọ́ sínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ni, oòrùn ṣì ń ta. Èmi fúnra mi ń gbààwẹ̀, mo jókòó sábẹ́ agbòòrùn, ẹnu mi gbẹ, mò ń dá àwọn ọmọ ọlọ́mọ lẹ́jọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga wà láàárín, Sulaimọ̀n lorúkọ rẹ̀. Kò sáré. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á tì í síbi tó yẹ, á sì dúró. Mo yíjú sí Táyé, mo ní, "Ọ̀lẹ lèyí." Àwọn tó ń sáré kiri la mú. Gbogbo wọn ló jẹun yó wá.

Táyé, onígbàgbọ́ ni, kò mọ ẹni tó gbààwẹ̀ lára wọn. Èmi ńkọ́?

Sulaimọ̀n lọ sí Ìkòròdú. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá wa gbá ní sáà tó tẹ̀ lé e, kò sí bọ́ọ̀lù kan tó lọ síwájú lọ́dọ̀ wọn tí kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ó fọ́ wa tán, ó wá dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sulaimọ̀n, kí ló ṣe ọ́ lọ́jọ́ tí a pè yín wá nígbà yẹn?"

"Ààwẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó wò mí, kò sí ìbínú lójú rẹ̀ rárá. "Daddy, ẹ̀yin náà ń gbààwẹ̀. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

Ojú tì mí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ṣì ń tì mí. Abèèrè kì í ṣìnà, mi ò sì bèèrè. Kí o tó pe ọmọ kan ní ọ̀lẹ, bi í bóyá ó jẹun, bóyá ó sùn, bóyá àpò ata ló ti ń já láti ìdájí ní Mile 12 kó tó wá bá ọ lórí pápá. Ìbéèrè kan péré ni, kì í gba àkókò.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ẹ̀kọ́, ẹ̀rín ni. Ọkùnrin kan wá bá wa, ó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni òun. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan tó ń múra fún ìdánwò àṣejáde girama gbé oúnjẹ wá sí etí pápá, ó ń pe "Daddy! Daddy!" Ọkùnrin wa ló dá a lóhùn. Táyé bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó bí èyí. Ó ní, "Kóòṣì, ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù ni mo sọ fún yín. Ẹ ò bèèrè ti ilé." Ó yẹ kí a lé e. A mú un, ó sì wúlò fún wa, torí pé òun nìkan ni àwọn ọmọdé ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Nítorí náà mi ò mọ ìmọ̀ràn tí n ó fi èyí gbà ọ́. Má ṣe mú òpùrọ́, àfi bí ó bá jẹ́ irú òpùrọ́ yẹn.

Mi ò mọ èwo ló kàn nínú ònkà mi. Jẹ́ ká pè é ní ti aṣọ́lé. Aṣọ́lé wa, ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n wa, ọmọ ẹ̀yìn gáràjì Kétu ni, ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Àdéhùn rẹ̀ ń parí lọ, èmi ń sáré kiri lẹ́yìn àwọn àjèjì. Lọ́jọ́ kan ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó kí mi, ó bèèrè yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó, ó dìde, ó ra pílọ́ọ̀gì mọ́tò kan, ó lọ. Ó ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan ní Ifákọ̀ kí n tó rántí pé ọmọ náà kò ní mọ́tò. Ó wá kó lè gbọ́ lẹ́nu mi pé a ṣì ń fẹ́ òun ni, mo sì ta pílọ́ọ̀gì fún un. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọmọ mi. Kí o tó wá ẹnikẹ́ni wá láti ìta, pe àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sọ fún wọn kedere: ìwọ ń dúró, ìwọ ń lọ. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ bí o kò bá fi ẹnu sọ ọ́.

Ó yá, ó kan Wàsíù.

Ìyá rẹ kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ́rùn sílẹ̀. Lánàá ló tún gbé e dé. "Bàbá Rasheedat, a kì í ní èèyàn lórí igi ọsàn ká tún máa jẹ kíkan. Ọmọ yín obìnrin ló wà lókè, ọmọ yín ọkùnrin ló wà nílẹ̀. Kí lẹ tún ń rò?"

Mo ní, "Bọ́ọ̀lù ni mò ń rò."

"Bọ́ọ̀lù? Ṣé bọ́ọ̀lù ló bí i ni?"

Ìyá ni, ọ̀nà tó yẹ kó gbà wò ó ló gbà wò ó. Ó rí ọmọ tó ń jí tí kò ríbi lọ lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà rí i. Ṣùgbọ́n ìwọ kò bi mí bóyá àánú Wàsíù ń ṣe mí.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo dé fìlà, mo gba pápá Ìkòsí lọ ní àárọ̀. Àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ ṣì ń péjọ síbẹ̀ bíi ti àtijọ́, kí ẹni tó bá ń wá ènìyàn lè rí wọn. Mi ò sọ fún Wàsíù pé mò ń bọ̀. Mo dúró síbi géètì, mo sì gbìyànjú láti wò ó bí ẹni tí kì í ṣe ọmọ mi. Ó kọ́kọ́ ṣòro, torí bó ṣe máa ń na ọwọ́ òsì bó bá fẹ́ sáré, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà ń ṣe ní kékeré. Nígbà tó yá, ó rọrùn.

Ohun tí mo rí nìyí. Bọ́ọ̀lù ṣì ń gbọ́ tirẹ̀. Bó bá fi ẹsẹ̀ gbà á, á sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é léṣe lọ́rùn ẹsẹ̀ ní Àkúrẹ́, bí ẹnì kan bá ti sún mọ́ ọn báyìí, á gbé ẹsẹ̀ sókè, á sì dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn. Mo wo ẹni tó dúró tì í, gẹ́gẹ́ bí Táyé ṣe kọ́ mi. Bàákì kúkurú kan ni, kò lágbára, kò sì yára. Wàsíù kò kọjá lára rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wọn gbá, ọmọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ifákọ̀ nítorí ibi tó ti ń wá, ipò kan náà ló ń gbá. Ènìyàn méjì gbé e ṣubú, ó dìde, ó tún ń bèèrè bọ́ọ̀lù.

Bí kì í bá ṣe ọmọ mi, Rasheedat, n kì bá tí wo Wàsíù lẹ́ẹ̀kejì. Ó dùn mí láti kọ ọ́. Mo kọ ọ́ nítorí pé o bèèrè lọ́wọ́ mi bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà rí.

Ìdáhùn mi rèé. Má mú un. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀ sí ojú mi, ìwọ náà má wá wò ó fúnra rẹ, torí ẹ̀gbọ́n kì í rí àbúrò rẹ̀ dáadáa: yálà kó fún un ju ohun tó tọ́ sí i lọ, tàbí kó fìyà jẹ ẹ́ kí ayé má bàa sọ pé ó ń ṣojúsàájú. Rán kóòṣì yín wá, kó wo àwọn méjèèjì, má sì sọ fún un èwo ni àbúrò rẹ. Lẹ́yìn náà, pe Wàsíù. Má pè é bí jẹ́nẹ́rà mánéjà. Má sì wá iṣẹ́ kékeré kan fún un nínú ẹgbẹ́ yín kí ojú má bàa tì í, ibẹ̀ gan-an ni ojú yóò ti máa tì í lójoojúmọ́.

Mo kọ dé ibí yìí, mo gbé bírò sílẹ̀. Mo rí i pé mo fẹ́ tún ṣe ohun tí mo ṣe fún Sulaimọ̀n. Mo ti dá ọmọ lẹ́jọ́ tán, mi ò sì bi í léèrè ohunkóhun. Bóyá kò sùn. Bóyá ibà wà lára rẹ̀. Ìyá rẹ ti lọ sí àdúrà àsàlátù, àwa méjèèjì nìkan la wà nílé. Mo dìde, mo lọ bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Mo ní, "Wàsíù, mo wá sí pápá lọ́jọ́ Ẹtì."

Kò gbójú sókè. "Mo rí yín, Daddy. Níbi géètì."

"Ṣé ara rẹ le lọ́jọ́ náà? Ṣé o jẹun kí o tó jáde?"

"Mo jẹun, sà."

"Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí mọ́." Ó da omi sí bàtà náà. "Nígbà tí mo rí yín ni mo tún wá sáré sí i. Gbogbo ohun tí mo ní nìyẹn, Daddy."

Mo fẹ́ gbé ọwọ́ lé e léjìká, àmọ́ mo rò pé bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì lè bú sẹ́kún, torí náà mo fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Ó fọ bàtà kejì. Ó wá bèèrè pé, "Ṣé Aunty Rasheedat ti bi yín?"

"Ó ti bi mí."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo sọ ohun tí mo rí."

Ó mi orí. Ó to bàtà méjèèjì sórí ògiri kí oòrùn lè ràn sí wọn, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

Ó ní, "Ta ló máa wá sọ fún Mummy báyìí?"

Mo ní èmi ni. Mo padà wá jókòó láti kọ èyí sí ọ kí n má bàa yí i padà bí mo bá rí ojú ìyá rẹ. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú ilé, ó ń kí àwọn ará ilé kejì, àsàlátù ti parí. Jẹ́ kí n dìde lọ pàdé rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá yín, ìwọ àti Wàsíù.